Wọ́n fi mí ṣe súpáfáísọ̀ lórí àwọn tó jù mí lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ darí wọn?

Ọmọ_Búrẹ́dì (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí n'Íbàdàn. Ibi gígé àti wíwọ̀n ni wọ́n gbà mí sí, mo ti débi pípò, mo ti débi ààrò, kó tó di pé súpáfáísọ̀ wa kó lọ sí Àbújá. Oṣù tó kọjá ni màdámù pè mí pé èmi ni kí n bọ́ síbẹ̀. Owó oṣù lé díẹ̀, orí fífọ́ ló lé jù.

Àwa mẹ́rìnlá là ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Bàbá tó ń tọ́jú ààrò ju bàbá tó bí mi lọ. Ẹ ò lè rí ẹni tó mọ iná bíi tiwọn: wọ́n á na ọwọ́ sẹ́nu ààrò, wọ́n á ní "kò ì tíì tó," kò sì ní tíì tó lóòótọ́. Àmọ́ tí mo bá ní kí wọ́n máa kó búrẹ́dì wọlé, wọ́n á ní "ọmọ mi, jẹ́ n mu tíì mi tán." Kí wọ́n tó mu ún tán, ìyẹ̀fun inú páànù ti wú kọjá ààlà, àárín rẹ̀ ti ń wọlẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà níbi gígé. Àwo kan náà la jọ ń jẹun. Ní báyìí, ó ń pẹ́ dé. Tí mo bá sọ̀rọ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní "ọ̀gá ńlá."

Èyí tó wá dé gbẹ̀yìn ni pé ọmọ tuntun tó ń po ìyẹ̀fun gbàgbé iyọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo búrẹ́dì alẹ́ ọjọ́ náà tẹ́, àwọn oníbàárà dá a padà. Màdámù kọ ọ́ sórí WhatsApp gbogbo wa pé owó rẹ̀ máa kúrò nínú owó oṣù gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pé èmi ni kí n kọ orúkọ wọn wá.

Mi ò kẹ́kọ̀ọ́ ìṣàkóso kankan rí. Ṣé kí n lọ gba ìwé-ẹ̀rí ni, àbí kí ni kí n ṣe?

MamaIbeji_Ota

Àbúrò, kú oríire o. Má jẹ́ kí wàhálà yìí mú ẹ gbàgbé pé oríire ni. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo wà nílé-iṣẹ́ kan l'Ọ́tà. Ọ̀rọ̀ bàbá ni n ó kọ́kọ́ mú.

Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ibi tó o ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ ló burú. O dúró láàárín àwọn ọmọ kéékèèké, o ní "Bàbá, ẹ kó o wọlé." Kí lo fẹ́ kí wọ́n ṣe? Tí wọ́n bá dìde lójú ẹsẹ̀, wọ́n ti di ọmọ iṣẹ́ ọmọ wọn níṣojú gbogbo èèyàn. Tíì yẹn ni wọ́n fi ń bo ara wọn láṣìírí.

Lọ bá wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Dọ̀bálẹ̀ bó o ṣe máa ń dọ̀bálẹ̀, ipò ò ní kó o má kí àgbà. Kó o wá ní: "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ iná. Búrẹ́dì tó ń wọlẹ̀ yìí ń dùn mí. Lójú tiyín, aago mélòó ló yẹ ká máa kó o wọlé, kí n lè sọ fáwọn tó ń pò kí wọ́n bá yín mu?" Kó o dákẹ́. Jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn dá aago náà. Kọ ọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Nígbà míì tí tíì bá dé, aago tí wọ́n dá ló ń pè wọ́n, ìwọ kàn ń rán wọn létí ni.

Kògbagbẹ̀rẹ́

Ẹ̀bẹ̀ lẹ̀ ń kọ́ ọmọ yìí. Ilé-iṣẹ́ kì í ṣe agbo ilé. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún pé kó tọ́jú ààrò, kó tọ́jú ààrò. Kọ ìwé ìkìlọ̀ kan fún bàbá, kọ ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ rẹ, ká wá wò ó bóyá ẹnikẹ́ni á tún pè ẹ́ ní "ọ̀gá ńlá." Èmi náà lọ́mọ iṣẹ́ nídìí búlọ́ọ̀kù, kò sí ẹni tó ń mu tíì níwájú mi. Ìgbà tí ọ̀gá bá ti ń bẹ̀bẹ̀ ni iṣẹ́ ń bàjẹ́.

Ṣàǹgó_Kékeré

@Kògbagbẹ̀rẹ́ wọn ò mu tíì níwájú yín lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ síbí lóṣù tó kọjá pé ẹ tún ń wá òṣìṣẹ́ tuntun o 😂

Kògbagbẹ̀rẹ́

Ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Tísà_Fẹ̀yìntì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́ ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìntì. Ọmọ_Búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ iyọ̀ ló jẹ mí lógún jù. Ta ló kọ́ ọmọ yẹn ní pípò? Báwo ló ṣe kọ́ ọ?

Ọmọ_Búrẹ́dì (Ìbàdàn)

Ẹ ṣé, sà. Wọ́n ní kó dúró ti ẹni tó ń pò tẹ́lẹ̀, kó máa wò ó. Nígbà tí ẹni yẹn kúrò, òun ló bọ́ sídìí ẹ̀rọ.

Tísà_Fẹ̀yìntì

Mo ti rò bẹ́ẹ̀. Dúró, máa wò: bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn. Ó dáa fún ọmọ tó fọdún mẹ́rin-márùn-ún kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, tó ń gbá ṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo àṣìṣe ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Kò lè tó fún ẹni tó máa dá dúró nídìí ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, irú ìṣòro yìí gan-an bá Amẹ́ríkà. Àwọn tó mọṣẹ́ ti ń lọ sójú ogun, àwọn ilé-iṣẹ́ wá ń gba àwọn tí kò fọwọ́ kan irin rí, obìnrin sì pọ̀ nínú wọn. Ìjọba wọn dá ètò kan sílẹ̀ ní 1940, tí wọ́n pè ní Training Within Industry. Àwọn súpáfáísọ̀ ni wọ́n kọ́, kì í ṣe àwọn ọ̀gá àgbà. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta pàtàkì ló wà níbẹ̀: bí a ṣe ń kọ́ èèyàn níṣẹ́, bí a ṣe ń tún ọ̀nà iṣẹ́ ṣe, àti bí a ṣe ń bá òṣìṣẹ́ lò. Wákàtí mẹ́wàá péré ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì-méjì lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ètò náà fi parí ní 1945, àwọn tó ti gbà á lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ẹ̀yìn ogun ló wọ Japan. Toyota gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì wà lára ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń yìn wọ́n fún.

Kíkọ́ni níṣẹ́ wọn kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ. Kọ́kọ́ fọkàn ọmọ náà balẹ̀, bi í léèrè ohun tó ti mọ̀. Lẹ́yìn náà, ṣe iṣẹ́ náà lójú rẹ̀, máa sọ ohun tí ò ń ṣe bó o ṣe ń ṣe é, kó o wá tún un ṣe, kó o fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tó ti lè bàjẹ́, kó o sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, òun ni kó ṣe é, kó máa ṣàlàyé fún ọ. Tó bá lè fọwọ́ ṣe é tí kò lè fẹnu sọ ọ́, kò ì tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹrin, fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n sọ ẹni tó máa bi ní ìbéèrè fún un, kó o máa yà wò ó lóòrèkóòrè, kó o sì máa dín in kù bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe ń mọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń tẹnu mọ́: bí òṣìṣẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé olùkọ́ ò tíì kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ìdí yẹn ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Bi ọmọ yẹn léèrè ohun tí iyọ̀ ń ṣe nínú búrẹ́dì, á ní adùn ni. Adùn nìkan kọ́. Iyọ̀ ló ń fà yíìsì sẹ́yìn kó má sáré jù, òun ló sì ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun pípò le, kó dúró. Tí kò bá sí iyọ̀ níbẹ̀, á wú kíákíá, á sì tètè wọlẹ̀. Ọmọ_Búrẹ́dì, rántí alẹ́ ọjọ́ náà dáadáa. Ṣé tíì bàbá nìkan ló ba búrẹ́dì jẹ́?

Ohun tí mo máa ṣe ni pé iyọ̀, ṣúgà, yíìsì, bọ́tà, gbogbo rẹ̀ á ti wà nínú abọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí tábìlì, wíwọ̀n ti parí, kí ẹ̀rọ tó yí. Tí ẹ̀rọ bá ń yí tí abọ́ kan ṣì kún, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ á rí i.

Ọmọ_Búrẹ́dì (Ìbàdàn)

Sà! Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pariwo mọ́ bàbá jù lọ. Wọ́n tiẹ̀ sọ pé ìyẹ̀fun òní ń sáré, mo rò pé àwáwí ni.

Màá to àwọn abọ́ náà lónìí. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ńkọ́? Màdámù ti tún béèrè orúkọ.

MamaIbeji_Ota

Má kọ orúkọ kankan ránṣẹ́ kó o tó rí wọn lójúkojú. Ọjọ́ tó o bá ti kọ ọ́, àwọn mẹ́tàlá yòókù ti mọ ẹ̀yìn ẹni tó o wà, o ò sì ní rí ọ̀rọ̀ òótọ́ gbà lẹ́nu wọn mọ́. Nígbà míì tí iyọ̀ bá ṣẹ́ kù, wọ́n á bò ó.

Labour Act ti Nàìjíríà, abala karùn-ún, kò fàyè gba kí wọ́n yọ owó òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó pa iṣẹ́ rẹ̀ tì, agbanisíṣẹ́ lè yọ ìwọ̀n tó mọ níwọ̀n, àmọ́ ọ́físà ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù yẹn lọ. Bàbá tó wà nídìí ààrò ò fọwọ́ kan iyọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ ò fọwọ́ kàn án. Èwo ni kí wọ́n máa san owó ohun tí wọn ò ṣe?

Àmọ́ o, má fi òfin ko màdámù lójú lórí WhatsApp. Wọ́n ti pàdánù owó, inú wọn ò dùn, wọ́n sì ti sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn mẹ́rìnlá. Ohun tí mo sọ nípa bàbá kan àwọn náà: fún wọn láyè tí wọ́n á fi padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà láìtẹ́.

Adé_Manchester

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń darí ṣíìfù alẹ́ níbí. Àwọn tó lè bí mi wà lábẹ́ mi, wọ́n ń pe orúkọ mi gán-ún, àwọn tí mo lè bí náà ń pè é gán-ún. Ó kọ́kọ́ ń ṣe mí bákan. Àwọn ìyá Yorùbá tó wà láàárín wa ní tiwọn ń pè mí ní "ẹ̀gbọ́n Adé" tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á sì bá mi jà lórí ìwé tó ń sọ ọjọ́ iṣẹ́ kálukú, àní ju àwọn òyìnbó lọ 😄

Ọ̀rẹ́ rẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Tètè bá a sọ ọ́, torí àwọn yòókù ti ń wò ó. Kó o má ṣe é níbi tí ẹ ti ń jẹun o, á di àwàdà. Wá ibi tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan á wà, kó o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìfi èébú kún un: ọjọ́ báyìí o dé ní aago báyìí, ẹni báyìí ló gé tìẹ mọ́ tiẹ̀, ìyẹ̀fun dúró. Kó o wá bi í pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, kó o sì gbọ́ ọ lóòótọ́. Ó lè jẹ́ ọkọ̀. Ó lè jẹ́ ìyàwó tó bímọ. Ó sì lè jẹ́ pé òun náà rò pé òun ni ipò yẹn tọ́ sí, kò kàn rí ibi sọ ọ́ sí ni. Èyí tó kẹ́yìn yìí wọ́pọ̀ ju bí àwọn tí wọ́n gbé ga ṣe máa ń rò lọ.

Nǹkan kejì: lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ń lọ kì í lọ títí wọ́n á fi sọ fún àwọn tó ń bọ̀: ta ni ò jẹun, ta ló ṣubú, oògùn ta ló kù. Ṣé ẹ ní irú ẹ̀ láàárín alẹ́ àti àárọ̀? Ìṣẹ́jú mélòó kan àti ìwé kan tó wà ní ojú kan náà ti tó.

Kògbagbẹ̀rẹ́

Ti Adé yìí ní láárí. Ṣùgbọ́n tó bá tún pẹ́ lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn yìí ńkọ́?

Adé_Manchester

Ìgbà yẹn ni ìwé ìkìlọ̀ yín máa wúlò, ẹ̀gbọ́n. Kò sì ní yà á lẹ́nu, torí ẹ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀.

Àgbà_Òṣìṣẹ́ (Abẹ́òkúta)

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń darí náà sọ̀rọ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni mí, ilé tí wọ́n ti ń ránṣọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ni mo wà. Ẹni tó ṣe ọ̀gá wa tẹ́lẹ̀ àti ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí, ọmọ mi ni wọ́n jẹ́ lọ́jọ́ orí.

Èyí tó ti lọ mọ ìkíni. Á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, á ní "mọ́mì mi." Ọ̀sán ọjọ́ kan mo fi hàn án pé tá a bá kó gbogbo kọ́là jọ ká rán an lẹ́ẹ̀kan, òwú ò ní máa já bó ṣe ń já. Lọ́jọ́ tí olówó iṣẹ́ wá, mo gbọ́ ọ tó ń sọ pé òun lòun ronú ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá rí nǹkan, mo ń gbé ojú kúrò.

Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ báyìí kì í kúnlẹ̀ dáadáa, ká sòótọ́. Orúnkún rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n tí olówó iṣẹ́ bá dé, á ní "ìyá yìí ló sọ ọ́ fún wa." Tí wọ́n bá fẹ́ yí aago iṣẹ́ padà, ẹnu rẹ̀ la ti kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ, kó tó débi fóònù. Tó bá ní kí n dìde báyìí, màá dìde. Ọmọ_Búrẹ́dì, bàbá yẹn sọ fún ẹ pé ìyẹ̀fun ń sáré. Lọ bá wọn, sọ fún wọn pé wọ́n rí i ṣáájú ẹ. Sọ ọ́ níbi táwọn ọmọ kéékèèké ti máa gbọ́, torí ibẹ̀ lo ti pariwo mọ́ wọn.

Tísà_Fẹ̀yìntì

Màmá, ẹ ti kó gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ kẹta yẹn, bí a ṣe ń bá òṣìṣẹ́ lò, sọ láìwo ìwé. Mẹ́rin ni wọ́n kọ síbẹ̀: jẹ́ kí kálukú mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ, yin ẹni tó bá ṣe dáadáa, kó o sì yìn ín nígbà tó ṣì gbóná, sọ àyípadà tó bá kàn wọ́n fún wọn ṣáájú, lo ẹ̀bùn ọwọ́ oníkálukú bó ti yẹ. Mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ èyí, mi ò ní àpẹẹrẹ kọ́là.

Ọmọ_Búrẹ́dì, o béèrè nípa ìwé-ẹ̀rí. Nigerian Institute of Management ti wà láti 1961, wọ́n sì ń kọ́ni. Industrial Training Fund (ITF), tí olú ilé rẹ̀ wà ní Jọ́ọ̀sì, ìjọba dá a sílẹ̀ ní 1971. Ilé-iṣẹ́ tó bá ti ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, òfin ní kó máa san fún ITF ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san fún wọn. Tí ilé-iṣẹ́ bá sì rán àwọn èèyàn rẹ̀ lọ kẹ́kọ̀ọ́ tí ITF fọwọ́ sí, ó lè gba apá kan owó náà padà. Wádìí bóyá màdámù ń san án. Tí wọ́n bá ń san án, owó ẹ̀kọ́ rẹ ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ owó àpò rẹ lo fẹ́ ná, mi ò ní kó o sáré. Kọ́ ọmọ iyọ̀ yẹn dáadáa ná. Ìyẹn gan-an ni ìdánwò rẹ.

Ọmọ_Búrẹ́dì (Ìbàdàn)

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti lọ bá bàbá lónìí, mo sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé wọ́n rí i kí n tó rí i. Wọ́n kàn ní "ṣé o wá gbọ́," wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ẹ bá mi wo ohun tí mo fẹ́ sọ fún màdámù lọ́la:

"Ẹ kú iṣẹ́ màdámù. Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì tó tẹ́ ni mo bá wá. Àdánù yẹn dun èmi náà. Mo ti wádìí ẹ̀: a ò kọ́ ẹni tó ń pò bó ṣe yẹ, kò sì sí ohun tó máa ta wá lólobó pé iyọ̀ ò tíì wọlé. Láti alẹ́ òní, gbogbo èròjà á wà nínú abọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ̀rọ tó yí, èmi á sì máa fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ owó àwọn èèyàn, òfin ò gbà á."

MamaIbeji_Ota

Ó dáa. Yọ "òfin ò gbà á" kúrò ná, fi í sápò. Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ìgbà yẹn ni kó o mú un jáde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Fi iye tí búrẹ́dì tí wọ́n dá padà jẹ́ síbẹ̀, àti iye tí àwọn abọ́ náà máa jẹ́, kí wọ́n lè rí i pé o mọ̀ pé owó ló lọ. Kó o sì bẹ̀ wọ́n pé, tí inú bá tún bí wọn, ìwọ ni kí wọ́n pè, kí wọ́n má gbé e sórí WhatsApp.

"Èmi á sì máa fọwọ́ sí i" yẹn bà mí lẹ́rù díẹ̀. Ọjọ́ tó o bá wà ní òfì ńkọ́?

Kògbagbẹ̀rẹ́

Fi ọ̀rẹ́ ẹ ṣe é. Tí ẹ̀rọ ò bá lè yí títí ó fi fọwọ́ sí i, kò ní lè pẹ́ dé mọ́.

Adé_Manchester

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ọpọlọ lẹ ṣe yìí o. Àmọ́ kó kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ ìdákọ́ńkọ́ yẹn ná. Tó bá jẹ́ ipò ló ń bí i nínú, tó o wá gbé kọ́kọ́rọ́ gbogbo iṣẹ́ alẹ́ lé e lọ́wọ́, ẹ̀rọ lè má yí títí di aago mẹ́wàá.

Ọmọ_Búrẹ́dì (Ìbàdàn)

Ó yé mi. Màá bá a sọ ọ́ lọ́nà ilé, mọ́tò kan náà la jọ ń wọ̀. Bàbá ni n ó fi fọwọ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ yìí, ojú wọn ríran ju tèmi lọ. Màdámù ní kí n wá ní aago mẹ́rin.